Sẹ́tíńgì R mi kì í dúró: .Rprofile ń ṣiṣẹ́ nínú fódà kan, ó kọ̀ nínú òmíì

onidata_kekere

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú tí ìbéèrè yìí bá kéré lójú yín, ó ti sú mi ni mo ṣe gbé e wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí R (èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò dátà), kí n tó fọwọ́ kan dátà rárá, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ àwọn láìnì yìí:

```
options(scipen = 999)
options(digits = 4)
options(width = 120)
```

torí tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, àwọn nọ́ńbà ńláńlá inú tábìlì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bíi 1e+05 dípò 100000, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò á sì ní kí lèyí. Tí mo bá ti pa R báyìí, ó tán nìyẹn, gbogbo ẹ̀ á padà sí bí wọ́n ṣe bí i.

Ẹnì kan wá ní kí n lọ kó o sínú fáìlì .Rprofile, èyí tí R máa ń kà fúnra ẹ̀ tó bá ń ṣí, mo kó o síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́, mo ní ọpẹ́ ni. Àfi bí mo ṣe ṣí project tuntun tí èmi àtàwọn míì jọ ń ṣe, tí R wá ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ orúkọ fáìlì yẹn rí. Mo padà sí fódà àtijọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Mo padà sí ti project, ó kọ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ìkejì, pẹ̀lú digits = 4 tí mo sọ fún un yẹn, àwọn tábìlì kan ṣì ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní díjíìtì mẹ́ta péré. Ṣé ó ń fi mí ṣeré ni?

Ìkẹta, níwọ̀n ìgbà tí fáìlì yìí ti wà, mo ń rò ó pé kí n kúkú kó gbogbo nǹkan tí mò ń lò lójoojúmọ́ síbẹ̀: library(dplyr) tó ń gbé package tí mo fi ń tún tábìlì ṣe wọlé, set.seed(123) tó ń mú kí nọ́ńbà random máa jáde bákan náà, àti contr.sum, ọ̀nà tí mo fi ń sọ àwọn group di nọ́ńbà fún regression, kí n lè máa ṣí R kí n sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tààrà. Ṣé ó dáa àbí kò dáa? Windows ni mò ń lò, RStudio ló wà lórí ẹ̀. Ẹ ṣé o.

---

egbon_koodu

Àbúrò, kò fi ẹ́ ṣeré o, bó ṣe máa ń jí nìyẹn. Tí R bá ń ṣí, fáìlì .Renviron ló kọ́kọ́ ń kà, níbi tí àwọn environment variable (àwọn iye tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń wò tó bá ń ṣiṣẹ́) wà. Ó wá bọ́ sórí Rprofile.site, ìyẹn jẹ́ ti gbogbo ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà yẹn. Lẹ́yìn náà ló kan .Rprofile tìẹ. Ó tún ku o: tí .RData (fáìlì tí R fi ń tọ́jú àwọn nǹkan tó kù láti ìgbà tó kọjá) bá wà, á gbé e wọlé, tí o bá sì ti kọ function kan tó ń jẹ́ .First, òun ló máa ṣe tẹ̀ lé e.

Ibi tó ti há fún ẹ ni .Rprofile yẹn. R kì í lọ sílé (home, fódà tìẹ lórí kọ̀ǹpútà) tààrà lọ wá a. Inú fódà tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló ti ń kọ́kọ́ wò, tó bá rí ọ̀kan níbẹ̀, á kà á, ọ̀rọ̀ bù ṣe, kò tún ní yẹ ti ilé wò mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń kà, kì í ka méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ti ilé ló máa kọ́kọ́ kà kó tó wá fi ti project lé e lórí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí náà lọ sínú project yẹn kí o tẹ èyí:

```
list.files(all.files = TRUE)
readLines(".Rprofile")
```

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá rí .Rprofile kan níbẹ̀ tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀, àgàgà tí ẹ bá jọ ń ṣe é. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ìntì bẹ́ẹ̀ yẹn, àwọn ẹ̀rọ kan kì í fi hàn, ìdí nìyẹn tí o ò fi rí i.

Tìtorí pé Windows lò ń lò, tẹ `path.expand("~")` kí o lè mọ ibi tí R ń pè ní ilé, fódà Documents ló sábà máa ń jẹ́ lórí Windows. Má sì lọ fi Notepad dá fáìlì yẹn o, ó lè fi .txt kún un lẹ́yìn láìsọ fún ẹ, fáìlì wá di .Rprofile.txt, R ò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. `file.edit("~/.Rprofile")` ni kí o lò, tàbí `usethis::edit_r_profile()` tí o bá ní package usethis, àwọn yìí á ṣí èyí tó tọ́ fún ẹ.

---

onidata_kekere

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀! Láìnì kan péré ló wà nínú ẹ̀:

```
source("renv/activate.R")
```

Ṣé kí n pa á rẹ́ ni?

---

egbon_koodu

Háà, má pa á rẹ́ o! renv nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà nínú project máa lo version package kan náà. Tí o bá pa láìnì yẹn rẹ́ tí o sì tì í sórí git, ibi tẹ́ ẹ ti ń pín kóòdù yín, gbogbo wọn ló máa wá ẹ wá.

renv kì í ka .Rprofile ilé àyàfi tí èèyàn bá sọ fún un, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tí o bá ṣì fẹ́ ẹ, ṣí .Renviron tó wà nílé (`usethis::edit_r_environ()`) kí o kọ èyí sí i:

```
RENV_CONFIG_USER_PROFILE=TRUE
```

Ti ilé ni mo sọ o, má kọ ọ́ sí èyí tó wà nínú project torí gbogbo yín lẹ ní ìyẹn. Tó bá jẹ́ project tí kò ní renv ni, tí .Rprofile sì wà nínú ẹ̀ lọ́nà míì, láìnì kan bíi `if (file.exists("~/.Rprofile")) source("~/.Rprofile")` lókè fáìlì náà ti tó. Pa R, tún un ṣí, kí o wò ó.

---

iya_tabili

Ẹ jẹ́ kí n bá a dáhùn ti digits torí ọ̀rọ̀ yẹn ti yọ èmi náà lẹ́nu rí.

Àkọ́kọ́ ná, digits kì í kan ìṣirò rárá, ìgbà tí R bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà jáde ló ń wò ó. 7 ló wà níbẹ̀ tí o ò bá fọwọ́ kàn án, o lè gbé e dé 22, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá 15, ìdọ̀tí lò ń wò. Tẹ `print(0.1, digits = 22)` kí o rí nǹkan, 0.1000000000000000055511 ló máa fún ẹ, torí kọ̀ǹpútà ò lè tọ́jú 0.1 géérégé, ó kàn ń tọ́jú èyí tó sún mọ́ ọn jù ni. Ìdí kan náà ló ń mú kí `0.1 + 0.2 == 0.3` máa pè é ní FALSE. Digits ò lè tún ìyẹn ṣe, bó o bá fi í sí 2 àbí 20.

Àwọn tábìlì tó ń fún ẹ ní mẹ́ta yẹn, tibble (irú tábìlì tí dplyr ń lò) ni wọ́n, àbí? Tí o bá ti ń lo dplyr, tibble lò ń rí láìmọ̀. Tibble ò bìkítà fún digits rárá, ó ní tiẹ̀:

```
options(pillar.sigfig = 5)
```

3 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn pé kí nǹkan méjì máa ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ ló mọ ìdí.

Ẹ tún wo scipen náà dáadáa. R máa ń fi gígùn ọ̀nà méjèèjì wéra ni, ó wá ń mú èyí tó kúrú. 100000 gba ààyè mẹ́fà, 1e+05 gba márùn-ún, ló bá mú 1e+05. Ṣùgbọ́n tẹ 123456, kò ní yí i padà torí 1.23456e+05 gùn jù ú lọ. Iye tí o bá fún scipen ni ìyàtọ̀ gígùn tó o ní kó fara dà kó tó yí nọ́ńbà padà, ìdí nìyẹn tí 999 fi ń pa gbogbo e+ rẹ́. Aburú tó wà níbẹ̀ ni p-value, nọ́ńbà kékeré tí a fi ń díwọ̀n bóyá èsì kàn ṣèèṣì ni. Nínú summary regression, ibi tó yẹ kó kọ <2e-16 sí, á máa kọ <0.0000000000000002 fún ẹ, ojú á dá, tábìlì á fẹ̀ kọjá ààlà. Èmi, 10 ni mo fi sí, ó tó fún owó àti iye èèyàn. Tó bá wá jẹ́ tábìlì tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé, mi ò gbára lé options kankan, `formatC(x, format = "f", digits = 2, big.mark = ",")` ni mo máa ń lò, ohun tí mo bá ní kó ṣe ló máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.

---

alayewo

Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn ìkẹta, òun sì ni mo rò pé ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. onidata, jọ̀ọ́ má kó àwọn mẹ́ta yẹn síbẹ̀ o.

Bí mo ṣe ń wò ó rè é: sẹ́tíńgì tó bá kan ojú nìkan, bíi width, digits, scipen, àwọ̀, prompt, kó o síbẹ̀ bó ṣe wù ẹ́, kò kan ẹlòmíì. Èyí tó bá lè yí èsì padà, inú script ló gbọ́dọ̀ wà, lókè pátápátá, níbi tí gbogbo ojú ti máa rí i.

contr.sum yẹn gan-an ni kí o wò. R fúnra ẹ̀, contr.treatment ló ń lò fún factor (dátà tó pín sí group) tí kò ní ètò, contr.poly fún èyí tó ní. Tí o bá yí i padà nínú .Rprofile, coefficient tó jáde lọ́dọ̀ ẹ á yàtọ̀ sí èyí tó jáde lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, script kan náà, dátà kan náà. Intercept tìẹ á jẹ́ àárín gbogbo group, tiẹ̀ á jẹ́ group àkọ́kọ́. Ẹ̀yin méjèèjì á jókòó máa wá àṣìṣe nínú dátà, kò sì sí níbẹ̀. na.action náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ stringsAsFactors ayé àtijọ́. Kí R 4.0.0 tó jáde ní 2020, tí o bá ka dátà wọlé, R á sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di factor. Ó ń bí àwọn èèyàn nínú, wọ́n wá lọ ń kọ options(stringsAsFactors = FALSE) sínú .Rprofile wọn, script á ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì á dàrú. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe R fúnra wọn ló sọ ọ́ di FALSE fún gbogbo ayé.

set.seed náà, tó bá wà nínú .Rprofile, gbogbo ìgbà tí o bá ṣí R, nọ́ńbà random kan náà lo máa bá pàdé, títí kan àwọn ìgbà tí o ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. O lè máa rò pé simulation rẹ dúró ṣinṣin, kò sì dúró, ìkan náà lò ń tún wò.

library(dplyr) wá ni ẹ̀fẹ̀ tó dùn jù. .Rprofile ń ṣiṣẹ́ kí R tó so àwọn package tiẹ̀ mọ́ra, base nìkan ló ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Tí o bá pe dplyr níbẹ̀, dplyr á wọlé, lẹ́yìn náà stats á wá wọlé, stats á sì jókòó síwájú ẹ̀. Kí lo máa rí? filter() tí o bá pè á jẹ́ ti stats, kì í ṣe ti dplyr, R á wá máa bú ẹ. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé tí o bá fẹ́ lo function kankan láti utils tàbí stats nínú .Rprofile, o gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ilé ẹ̀ mọ́ ọn, bíi `stats::setNames`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá script rẹ lè dá dúró, fi Rscript ràn án, ìyẹn àṣẹ tó ń ran script R láìṣí RStudio:

```
Rscript --vanilla iwadii.R
```

--vanilla ò ní ka .Rprofile, kò ní ka .Renviron, kò ní gbé .RData. Tó bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nìyẹn.

---

mo_fe_ki_o_rorun

@alayewo ọ̀rọ̀ yín lọ́gbọ́n nínú ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rù bà á jù. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń kọ script tí ayé máa lò, ẹlòmíì kàn fẹ́ ṣí R kó fi wo nǹkan kó sì pa á. Èmi ní usethis nínú tèmi, inú `if (interactive())` ló wà, kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára torí mi ò kì í pè é nínú script kankan. Mo tún fi àwọn yìí síbẹ̀, wọ́n wúlò ju width lọ lójú tèmi:

```
options(warn = 1)
options(warnPartialMatchDollar = TRUE)
```

warn = 1 á jẹ́ kí ìkìlọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ dípò kó dúró dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí, o á lè mọ láìnì tó fà á. Tí o bá fi í sí 2, ìkìlọ̀ á di error, iṣẹ́ á dúró síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ fi í sí -1 o, ìyẹn ń pa gbogbo ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. Èkejì yẹn, tí o bá kọ `df$nam` nígbà tí orúkọ column jẹ́ name, R lásán á kàn fún ẹ láìbèèrè, pẹ̀lú èyí á sọ fún ẹ pé ohun tó o kọ kò pé.

Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ ọ́: lọ sí Tools, Global Options nínú RStudio, yọ àmì kúrò níwájú Restore .RData into workspace at startup, kí o sì fi Save workspace sí Never. Gbogbo sẹ́tíńgì tẹ́ ẹ ń jà lé lórí yìí ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ object àná tó ń jókòó sínú session òní láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é.

---

alayewo

Ti .RData yẹn, mo gbà láìjiyàn. Ti usethis nínú interactive() náà, ó da, tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ èsì nínú ẹ̀. Mi ò yí ọkàn padà lórí contrasts ṣá.

---

stata_ni_temi

Ẹ jẹ́ kí àwa tá ò lo R náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní Stata, ètò ìṣirò dátà míì, profile.do ni tiwa, ó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tí Stata bá ṣí, ọ̀pọ̀ sẹ́tíńgì ló sì gba kí o kàn fi permanently kún un lẹ́yìn, o ò tún ní láti kọ ọ́ síbì kankan:

```
set more off, permanently
set type double, permanently
```

Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ alayewo bá ìkejì yẹn mu pátápátá. Stata máa ń dá variable tuntun sí float, irú nọ́ńbà tí kò péye tó double. Tí o bá ṣe `gen x = 0.1` tí o wá ní `list if x == 0.1`, kò ní rí ẹyọ kan torí x jẹ́ float, 0.1 tí o kọ síbẹ̀ jẹ́ double, wọn ò dọ́gba. Pẹ̀lú set type double, á rí gbogbo ẹ̀. Ìyẹn ni pé do-file (script Stata) kan náà lè mú èèyàn lọ́dọ̀ mi kó má mú ẹnì kankan lọ́dọ̀ ẹ. Èmi ti yọ ọ́ kúrò ní permanently, òkè do-file ni mò ń kọ ọ́ sí báyìí, lábẹ́ láìnì version. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí gbogbo sẹ́tíńgì tó wà lórí, `query` tàbí `creturn list`. Àwọn ará SPSS, ètò ìṣirò míì, ní SHOW ALL, wọ́n sì ní PRESERVE àti RESTORE tó ń fi sẹ́tíńgì pamọ́ kó tó yí i, kó tún dá a padà.

---

egbon_koodu

Ìyẹn náà wà ní R o, ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀. Tí o bá yí options padà, ó máa ń dá èyí tó wà tẹ́lẹ̀ padà fún ẹ lábẹ́lẹ̀:

```
atijo <- options(digits = 3)
print(model)
options(atijo)
```

Tó bá jẹ́ inú function, kọ `on.exit(options(atijo))` kété lẹ́yìn láìnì àkọ́kọ́, kódà tí function bá kú lójú ọ̀nà, sẹ́tíńgì á padà sáyè ẹ̀. Package tó bá yí options rẹ tí kò dá a padà, mi ò lò ó mọ́.

---

onidata_kekere

Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí jìn tó báyìí. Mo ti kó contr.sum àti set.seed lọ sókè script, mo fi library(dplyr) tẹ̀ lé e, RENV_CONFIG_USER_PROFILE sì ti ṣiṣẹ́, sẹ́tíńgì mi ti dé inú project. Èyí tó kù nínú .Rprofile mi rè é:

```
if (interactive()) {
  options(
    scipen = 10,
    digits = 4,
    width = 120,
    pillar.sigfig = 4,
    warn = 1
  )
}
```

Ìbéèrè kan ló kù. Mo máa ń fi Rscript ran iṣẹ́ tó bá pẹ́ lórí sáfà lóru, ṣé ìyẹn náà ń ka .Rprofile? Mo sì fẹ́ fi key tí mo fi ń wọ database síbẹ̀ kí n má máa kọ ọ́ sínú script.

---

iya_tabili

Bẹ́ẹ̀ ni, Rscript ń ka .Rprofile, àyàfi tí o bá fi --vanilla tàbí --no-init-file sí i. Ṣùgbọ́n interactive() tí o fi yí i ká yẹn, FALSE ló máa jẹ́ fún Rscript, á fò ó kọjá. warn = 1 nìkan ni mo rò pé wàá fẹ́ lóru, kí ìkìlọ̀ lè wà lójú ibi tó yẹ nínú log, nítorí náà kọ ìyẹn sínú script fúnra ẹ̀.

Key kì í ṣe ti .Rprofile. .Renviron ilé ni kó wà, `DB_KEY=...`, kò nílò options kankan, o á wá máa pè é pẹ̀lú `Sys.getenv("DB_KEY")`. Tí .Renviron kan bá wà nínú project, rí i pé ó wà nínú .gitignore (fáìlì tó ń sọ ohun tí git ò gbọ́dọ̀ gbé), kí o sì mọ̀ pé òfin ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè kan òun náà: tí ti project bá wà, R fúnra ẹ̀ ò ní ka ti ilé. Kí o tó pa fáìlì méjèèjì dé, tẹ Enter lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn láìnì tó kẹ́yìn, R lè fo láìnì yẹn tí kò bá sí ìlà òfìfo lábẹ́ ẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹ.